Ewé Ìyá Àgbà Tí Bọ̀dá Mùfú Dà Nù

Òórùn àgbo tó ń hó lórí sítóòfù ló máa ń jí mi lọ́dún tí mo di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kì í ṣe òórùn dídùn, n kò ní purọ́ fún yín. Ó máa ń korò nímú kéèyàn tó fẹnu kàn án, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ ojú irin Red Line á kọjá lẹ́yìnkùlé, gíláàsì fèrèsé á gbọ̀n, màá wá wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí kíṣìnnì. Ibẹ̀ ni màá ti bá Ìyá Àgbà, pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lọ́rùn àti sọ́ọ̀kì bàbá mi lẹ́sẹ̀, tó ń wo ìkòkò bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ. Màá kúnlẹ̀ kí i, á fọwọ́ pa mí lórí, á ní kí n lọ fọ ẹnu.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí màmá mi. Láti Ìwó ló ti wá bá wa ní àdúgbò Uptown ní Chicago, nínú òtútù, kó lè wà nílẹ̀ láti wẹ ọmọ tí màmá mi fẹ́ bí. Yàrá méjì la ní, lókè kejì, ẹnu fèrèsé pálọ̀ sì ni Ìyá Àgbà yàn láàyò torí irin tó ń mú ilé móoru wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú báàgì rẹ̀, láàárín ìró méjì, ló di ewé gbígbẹ kan sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ilé rí á mọ̀ ọ́n: ẹ̀yìn olobe. Ewé kékeré tó máa ń hù lẹ́bàá ògiri àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá. Èso inú rẹ̀ já bọ́ sínú aṣọ tó fi dì í, Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó ṣòfò. Ó wá iyẹ̀pẹ̀ sínú ike áísìkiriìmù tó ti tán, ó fọ́n èso náà sí i, ó gbé e sójú fèrèsé. Kó tó tó oṣù kan, ó ti hù.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀. Mo máa ń rò pé ewé gbogbo bákan náà ni. Ó fa ẹ̀ka kan sún mọ́ ojú mi, ó sì yí i padà, mo sì rí èso róbótó róbótó tó tò sábẹ́ rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ó ní, "Yí i wò kó o tó sọ pé o mọ̀ ọ́n. Ewé tó jọ ọ́ pọ̀." Ó ní ibà àti ara ríro lòun ń torí ẹ̀ mu ún, pé láti ìgbà tóun ti jẹ́ ọmọge lòun ti ń mu ún. Mo ní kó fún mi mu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbàlagbà ló ni ín, òun kì í fún ọmọdé, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ ọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ìyá Íńdíà kan ń gbé lókè wa. Òun náà wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ni, òun náà kò gbọ́ èèbó tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan tó wá dá abọ́ màmá mi padà, ó rí ike yẹn lójú fèrèsé, ó sì dúró. Kò bi wá ní ìbéèrè kankan. Ó lọ síbẹ̀, ó fi ìka méjì yí ewé náà wò lábẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí ẹ̀dọ̀ wà, ó sì ń mi orí. Ìyá Àgbà náà gbé ọwọ́ lé ìhà tirẹ̀. Ọ̀kan ń sọ Yorùbá, èkejì ń sọ èdè tirẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé ju bí èmi àti tíṣà mi ṣe ń gbọ́ra wa yé lọ. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ ní súwẹ́tà mi ń rùn. Ojú tì mí, mo sì délé bínú sí Ìyá Àgbà, mo ní kó yé se nǹkan yẹn. Màmá mi ló gbọ́. Ó ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Ọ̀rọ̀ tó máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn, òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́.

Ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ ni màmá mi bí Ridwan. Ọ̀sẹ̀ yẹn sì bọ́ sí ìgbà ìsinmi ilé ìwé wa, torí náà ilé ni mo wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá mi wà lórí táásì, màmá mi ń sùn, èmi àti Ìyá Àgbà la jọ wà lójúfò. Mo rí bó ṣe ń ṣe é. Á mu àgbo tirẹ̀ tán, á dé ìkòkò, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgùnpá, kó tó lọ gbé ọmọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ló fi ń wẹ̀ ẹ́, òróró ló fi ń pa á lára. Ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ló ń mu. Lójojúmọ́ ni mo ń rí i, èmi nìkan ni mo sì ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹni tí Bọ̀dá Mùfú jẹ́. Kì í ṣe ẹbí wa. Òun ló gba bàbá mi sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé Chicago, òun ló sì mú un dé ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nítorí èyí, ohun tó bá ti sọ nínú ilé wa, abẹ gé e. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan, ibi tí wọ́n ti ń to fáìlì, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sí pálọ̀ wa, dókítà àgbà ni. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ni bàbá mi fi ṣe ẹni ẹ̀yẹ, pé kó wá pe ìrun sí ọmọ létí. Ọ̀fìnkìn sì mú un lọ́jọ́ náà. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ mú tíṣù wá fún un. Ó fọn imú, ó ká tíṣù sápò, ó na ọwọ́ gba ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, ó gbé ẹnu ti etí rẹ̀, ó pe ìrun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó sín lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀. Gbogbo wa ní "Àmín."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, imú Ridwan dí, ara rẹ̀ gbóná, kò sì mu ọmú mọ́. Wọ́n dá a dúró ní ọsibítù. Bàbá mi jókòó tì í, Bọ̀dá Mùfú sì fi mọ́tò gbé màmá mi wálé kó wá wẹ̀, kó sì mú aṣọ. Bí Bọ̀dá ṣe wọlé ni òórùn àgbo kí i káàbọ̀. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ń fa imú tí kò tíì gbẹ tán, ó bi Ìyá Àgbà pé kí ló fún ọmọ mu. Ìyá Àgbà ní òun kò fún un ní nǹkan kan.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́. Ewé yìí ló ń ṣe ọmọ yẹn. Ìdọ̀tí lẹ gbé wá láti ilé. This is America."

Ìyá tó jù ú lọ ní ogún ọdún ló ń bá sọ bẹ́ẹ̀! Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé ìkòkò, ó da àgbo sí síńkì. Ó lọ sójú fèrèsé, ó fa ẹ̀yìn olobe náà tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ó kó tike tiyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá ìdọ̀tí. Màmá mi dúró pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Mo wá gbọ́ ohùn ara mi.

"Ìyá Àgbà kò fún..."

"Rukayat," ni màmá mi wí, "àgbà ń sọ̀rọ̀."

Mo pa ẹnu mi dé. Ìyá Àgbà wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wolẹ̀. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó lè sọ pé kí wọ́n bi ọmọ léèrè, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ màmá mi pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, báwo ló ṣe máa wá fi mí ṣe ẹlẹ́rìí?

Nígbà tí Ridwan padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ara rẹ̀ ti yá. Dókítà ti sọ ohun tó ṣe é fún bàbá mi: wọ́n ki nǹkan bọ̀ ọ́ nímú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àrùn ọ̀fìnkìn lásán ni, irú èyí tí ọmọ tuntun máa ń kó lára àgbàlagbà tó bá ní in. Ta ló wọ ilé wa tí imú rẹ̀ ń ṣàn? Mo fetí ara mi gbọ́ tí bàbá mi sọ èsì yìí fún Bọ̀dá Mùfú lórí fóònù. Bọ̀dá ní ó dáa, ṣùgbọ́n ewé yẹn á ti dá kún un. Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó parí. Wọn kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà wẹ ọmọ mọ́. Ohun tó tìtorí ẹ̀ wọ bàálù láti Ìwó, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Ìyá Íńdíà kanlẹ̀kùn, ó na ìka sójú fèrèsé, ó ń wò wá lójú. Kí Ridwan tó pé ogójì ọjọ́, Ìyá Àgbà ti padà sílé. Kò wá mọ́ títí tó fi kú. Nígbà ayé rẹ̀, bí a bá pè é lórí fóònù, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé ara Ridwan le?"

Mo bi màmá mi lẹ́yìn tí mo dàgbà, pé kí ló dé tí kò gbèjà ìyá rẹ̀. Ó ń din dòdò lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé kí n bá a jà ni? Ẹni tó gba bàbá rẹ sílé?" Ó yí dòdò rẹ̀ padà, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó ń dùn mí títí dòní. A máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ilé tiwa, ọgbọ́n àgbà nìkan la lò, ẹ sì wo ohun tá a fi dá.

Mo ti di apòògùn báyìí, ní Naperville, ìlú kan lẹ́bàá Chicago. Lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, mo gbójú sókè, mo rí Bọ̀dá Mùfú níwájú káńtà, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Láti Hazel Crest tó ń gbé báyìí ló ti wá, ó ní ọmọ wa tó mọ̀wé lòun fẹ́ bi ní nǹkan. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ kí i tòun ti kóòtù funfun lọ́rùn mi, àwọn òyìnbó ń wò. Ó mú ike oògùn kan jáde lápò, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà lòun ti rà á, oògùn ẹ̀dọ̀ ni, ó ń bá òun lára mu púpọ̀, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kò ní bá oògùn ìtọ̀ ṣúgà òun jà. "Àwọn ará Íńdíà mọ ewé," ni ó wí. "Original ni tiwọn. Kì í ṣe bíi tiwa."

Mo gba ike náà. Wọ́n ya ewé tí wọ́n fi ṣe oògùn náà sí i lára. Mo yí i padà. Ewé wẹ́wẹ́, èso róbótó róbótó lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ mi: mo ní kó má pa á pọ̀ mọ́ oògùn rẹ̀ títí dókítà rẹ̀ á fi mọ̀, torí ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yìn olobe nìyí. Ìyá Àgbà kò fún ọmọ náà mu."

"Ọmọ wo?"

Mo ní Ridwan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ridwan tó ga bí òpó iná yẹn, kí ló ṣe é? Mo rán an létí pálọ̀ wa ní Uptown, ìkòkò, ike áísìkiriìmù. Ó wojú mi tìyanu tìyanu. Kò rántí. Kì í ṣe pé ó ń díbọ́n o. Kò rántí rárá ni. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ṣàdúrà fún mi, ó ki ike rẹ̀ bọ àpò, ó ń tẹ ọ̀pá lọ síbi mọ́tò.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ní Uptown, wọ́n ní kó dákẹ́. Mo parí rẹ̀ fún un ní Naperville, nígbà tí mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì, tí ẹnikẹ́ni kò lè ní kí n pa ẹnu dé mọ́. Mo mọ̀wé ju ọmọ yẹn lọ, mo sì láyà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà ṣì lè gbọ́.