Ìró Odó Ọlọ́wọ́ Kan

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin odó tí ọwọ́ méjì ń gún àti èyí tí ọwọ́ kan ń gún. Orí àga ni mo jókòó sí nínú pálọ̀ tí mo fi mọ̀ ọ́n, n kò sì dìde. Ohun tó ń tì mí lójú títí dòní nìyẹn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ọmú ọ̀tún ìyàwó mi ni, nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Tíṣà ni àwa méjèèjì nílùú Adó, àwọn ọmọ wa sì ti lọ síbi iṣẹ́ wọn lókèèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ egbò náà, ike kékeré kan sì wà ní ìdí rẹ̀ tó ń gba omi ara. Ó ní kí n máa da omi yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n wo àwọ̀ rẹ̀ àti bó ti pọ̀ tó, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ oníbọ́tìnnì níwájú ni kó máa wọ̀, kó má baà máa na ọwọ́ sókè. Bó bá fẹ́ sùn, kí a fi ìrọ̀rí tẹ́ abẹ́ apá rẹ̀. Ó wá na ìka sí mi: "Kò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́tùlù omi tíì lọ. Bàbá, kò gbọdọ̀ gúnyán o! Mo mọ̀ wá, àwa ará Èkìtì."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń ṣètò ẹ̀kọ́, mo sì fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ iyán. Àwọn àgbà ló ní ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Nígbà tí a délé, n kò lè wo ojú egbò náà. Ìyàwó mi ló ń da omi inú ike fúnra rẹ̀, á pe iye rẹ̀ sí mi láti yàrá, èmi á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀ bí akọ̀wé kóòtù. Mo sọ fún àwọn ará ìta pé taifọ́ọ̀dù ló ṣe é. Ẹ̀rù ẹnu ayé ló bà mí: àwọn kan á ní àfiṣe ni, àwọn mìíràn á máa wo àyà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń sọ fún ara mi pé òun ni mo ń dáàbò bò. Irọ́ ni, ara mi ni.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé láti Ìjàn láìsọtẹ́lẹ̀, pẹ̀lú iṣu tuntun mẹ́ta. "Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé taifọ́ọ̀dù ti lọ. Uṣu rèé o! N ò tíì fẹnu kan nǹkan látàárọ̀." Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílẹ̀ wa? Ṣé kí ẹ̀gbọ́n gbé iṣu wá, kí a wá gbé ìrẹsì ka iwájú rẹ̀?

Ìyàwó mi wò mí. Gbólóhùn kan péré ló ń retí lẹ́nu mi. Mo lè ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un." Mo lè dìde, kí n di ọmọ odó mú fúnra mi, ṣebí mo ń gúnyán nígbà tí mo wà ní àpọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi á béèrè pé kí ló dé. Mo wo ilẹ̀. Ìyàwó mi kó iṣu náà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ. Gbì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Gbì. Odó ìyàwó mi kì í dún bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ máa ń yára bí ẹsẹ̀ ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń gún un. Ẹ̀gbọ́n mi dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró, ó dẹ etí sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ṣe: mo mú rìmóòtù, mo gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Mo ní mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn.

Iyán náà ní kókó díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ tán, ó ṣan ọwọ́, ó súre: "Ìyàwó wa, ọwọ́ rẹ ò ní rọ o." Àmín tèmi ló ròkè jù.

Bí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ bùláòsì ìyàwó mi ti rin. Rọ́bà ti fà, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ike. A sáré gba àdúgbò Fájuyì lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbà yẹn náà ló gbà wá.

"Màmá, kí lẹ gbé?"

Kí n tó la ẹnu, ìyàwó mi ti dáhùn: "Garawa omi ni, Sísítà. Ẹ má bínú, àìgbọràn mi ni."

Nọ́ọ̀sì bá a wí, ó tún bá a wí. Èmi ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lórí bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Wọ́n tún egbò náà rán. Lẹ́yìn náà apá rẹ̀ wú, kò sì tíì wálẹ̀ tán títí dòní. Dókítà ní ó lè wú bẹ́ẹ̀ kódà kó má gbé ohunkóhun. Èmi kò gbà á gbọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ike, tí mo fi ojú mi méjèèjì wo egbò náà. Nígbà tí dókítà gbà á láyè, ìyàwó mi ń fi ìka rìn gun ògiri yàrá wa díẹ̀díẹ̀ kí apá rẹ̀ lè nà, èmi a sì máa fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó bá dé. Èmi ni mo ń gúnyán ilé wa láti ìgbà náà.

Lóṣù tó kọjá, a lọ kí tíṣà ọ̀dọ́ kan nílùú Ìyìn, tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan náà fún ìyàwó rẹ̀. Mo kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀: ike, bọ́tìnnì, ìrọ̀rí, ìlà pẹ́ńsù. Mo ní bí egbò bá pọ́n, tó ń ṣọyún, tàbí tí ara ìyàwó rẹ̀ gbóná, kó má dúró de ìpàdé àdúrà kankan, ọsibítù ni kó gbà lọ. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣé, sà. Ọkọ gidi ni yín." Mo gba ìyìn náà. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí a ti ń padà bọ̀, tó kù díẹ̀ ká wọ Adó, ìyàwó mi kọjú sí mi. Ó wá ní, "Tíṣà, ẹ ò sọ ti tẹlifíṣọ̀n fún un."

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé kò gbọ́. Mo kàn ń wa ọkọ̀ lọ. Ọ̀nà Ìyìn kò jìn rárá, mo sì mọ ilé ọmọkùnrin náà. N kò tíì padà lọ.