Ta ló gbé lẹ́tà Tẹ́júọlá fún àwọn tó pa á?

Wọ́n fi páìpù irin fọ́ agbárí Tẹ́júọlá Adéyẹyè lẹ́bàá gọ́tà kan ní Ìsọlọ̀, lọ́sàn-án gangan, níṣojú àwọn tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ọjọ́ kẹta ló kú. Àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yọ̀ ṣubú ni. Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn máa yọ̀ ṣubú kí apá méjèèjì àti agbárí rẹ̀ tó fọ́?

Tísà kẹ́mísìrì ni, ní Oṣòdì. Òun ló kọ́ ọmọbìnrin mi. Kì í pariwo, àfi bí ọmọ kíláàsì bá fẹ́ fi ẹnu tọ́ kẹ́míkà wò. Ó po lẹ́búlẹ́bú kan fúnra rẹ̀, ó fi kun bébà. Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì elésè àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò sí bébà náà, á máa dán yanranyanran. Tì í bọ omi tí kẹ́míkà ọ̀dà wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á kú.

Ìmọ́lẹ̀ bébà náà kú nínú omi kànga Ìyá Ìléríolúwa, aládùúgbò rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń bì ṣáá.

"Àǹtí, omi yìí mà mọ́ lójú."

"Ẹ má fún ọmọ mu ún mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa wá ibi tó ti ń wá."

Ọmọ náà ń sáré kiri lónìí. Tẹ́júọlá ńkọ́? Ó tọpa májèlé náà dé ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ọlọ́dà kan, ó sì kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí omi. Wọ́n ní kó lọ gba ìwé àṣẹ ná. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń da májèlé síta ò nílò àṣẹ. Ẹni tó fi bébà yẹ̀ ẹ́ wò ló nílò rẹ̀.

Ìyá Ìléríolúwa bá a lọ bu omi gọ́tà tó ń ṣàn jáde láti ilé iṣẹ́ náà sínú ìgò. Mẹ́gáàdì mẹ́ta jáde. Ọ̀kan mú lẹ́tà dání.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni."

Páìpù bà á lẹ́nu kó tó pa ẹnu dé. Wọ́n lu ọwọ́ tó di ìgò mú títí egungun fi yọ síta.

Ó ti pé oṣù méjì. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi Ìyá Ìléríolúwa léèrè ohun tó rí. Iléèwé tó fi ọdún mọ́kàndínlógún sìn ti da àwọn bébà rẹ̀ sórí ààtàn. Gọ́tà náà ṣì ń ṣàn.

Ta ló mú lẹ́tà náà kúrò lórí tábìlì ìjọba? Orúkọ rẹ̀ là ń béèrè, àti orúkọ àwọn tó gbé páìpù, àti ti ẹni tó rán wọn. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ wá. Ẹ kó wọn lọ sí kóòtù.