Òróró Maṣíìnì

Lẹ́yìn fídáù bàbá mi, àbúrò wọn gbé ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ìdílé wa lé mi lọ́wọ́, torí èmi ni àkọ́bí.

"Gbà á, irin lásán ni. Kò lè dún mọ́."

Bí mo ṣe tú àkísà tí wọ́n fi wé e, òórùn òróró maṣíìnì ìránṣọ ìyá mi ni mo gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan l'Ájégúnlẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ń ṣa òwú wẹ́wẹ́ nídìí maṣíìnì náà. Ohùn bàbá mi ń ròkè lẹ́yìn kọ́tìnì. Lójijì, ó dákẹ́. Mo gbọ́ "kẹ́". Ìyá mi jáde, òógùn bò wọ́n.

"Kí ló dún, Mọ́mì?"

"Kọ́kọ́rọ́ àpótí ni."

Wọn ò wọ bàtà. Wọ́n fà mí lọ́wọ́, a gba ojú irin rélùwéè lọ sílé ìyá wọn ní Ìjọra Badia. Aṣọ oníbàárà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. A ò padà mọ́.

Ọkọ mi ní ká gbé ìbọn náà kọ́ sí pálọ̀. Mo ní kí sójà tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa kọ́kọ́ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọta kan ṣoṣo bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n yí ìdí rẹ̀ sí mi. Ojú ibì kan ti tẹ̀ wọnú, níbi tí irin ìbọn ti gbá a.

"Ìyá Sùkúrà, ẹnì kan ti yìn ín rí. Ọta ló kọ̀ tí kò dún."