Ọlọ́kọ̀ Kì Í Ṣe Olóko

Obìnrin kan fi ìka kan ti máòsì díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ kòkòrò kúrò lójú ọmọ. Àmì róbótó tó wà lójú kọ̀ǹpútà sún, ó bọ́ sí abẹ́ lẹ́tà gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ló tó mí.

Ọdún mẹ́rin ló ti ń ya àwòrán lórí ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yìí, nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́ta kún bámú. Ọ̀gá rẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Alámì ló ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀ tí kò ní fi àmì sí.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni káàdì orúkọ. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe ìdágbére fún awakọ̀ wọn tó ń fẹ̀yìn tì. Wọn yóò gbé káàdì náà sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá nínú gbọ̀ngàn, wọn yóò sì fi í sórí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń pe baba náà. Akọ̀wé wọn ló yan irú lẹ́tà: aláwọ̀ góòlù, ìrù rẹ̀ ń lọ́ bí ìtàkùn.

Lẹ́tà náà rẹwà. Ó mọ à, ó mọ á, ṣùgbọ́n kò mọ ọ. Bí obìnrin náà bá ti tẹ ọ, ẹ̀rọ á lọ yá ti ibòmíràn wá, gbọọrọ kan báyìí, tí yóò dúró láàárín àwọn tó kù bí àlejò tí wọn ò pè. Bí ó bá fi àmì ohùn lé e, àpótí òfìfo ni yóò yọ.

"Yọ àmì, kó parí," ni ọ̀gá wí láàárọ̀. Ó yọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà: BABA OLOKO.

Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Ó mú àmì ìdánudúró lára lẹ́tà góòlù yẹn kan náà, ó sọ ọ́ di mẹ́ta, ó ń tò ó sábẹ́. Ó gé ìrù lẹ́tà kan fi ṣe àmì ohùn òkè. Ó yí i padà, ó di ohùn ìsàlẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí awakọ̀ fi wọlé.

"Ẹ káàsán o. Èwo ni tèmi?"

Ọ̀gá na pépà sí i. "Ẹ wò ó, bàbá. Góòlù pọ́ńbélé!"

Baba gbé pépà jìnnà sójú. "Bàbá... Olóko." Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Ta ni olóko?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ọlọ́kọ̀ ni."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wakọ̀. Oko wo ni mo ní? Òdòdó kan ṣoṣo tí ìyàwó mi gbìn sójú fèrèsé, ọwọ́ mi ló kú sí."

"Gbogbo wọn ló mọ̀ yín. Ta ló máa ṣì í kà?"

"Èmi ti ṣì í kà."

Ọ̀gá yíjú sí obìnrin náà. "Akọ̀wé wọn ti ní ó dáa. Fi tèmi ránṣẹ́."

"Mi ò fi ránṣẹ́, sà."

"Kí lo wí?"

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Nítorí àmì kíńkín mẹ́ta? Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ló ni orúkọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu baba. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

"Bí o bá fi tìẹ ránṣẹ́, gbé báàgì rẹ, má padà wá."

Obìnrin náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí awakọ̀. "Ẹ bá mi kà á, sà."

Baba tẹ̀ síwájú. Ó kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè tó ń jẹ́: "Bàbá Ọlọ́kọ̀."

Obìnrin náà tẹ bọ́tìnì, ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Fáìlì lọ.

Ó ká tìmùtìmù rẹ̀ kúrò lórí àga, ó fà á há abíyá, ó gbé báàgì kọ́.

"Ìyá Alámì! Àwàdà ni mò ń ṣe o! Ta ló máa ṣe ti ọ̀la?"

Ó ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára, kò wẹ̀yìn.