Ẹjọ́ Ráfátù Lábẹ́ Máńgòrò

Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fi ariwo fọ́ mi létí. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ni lófin ní yunifásítì a kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jókòó sí bákónì tó wà lókè ìsọ̀ mi lọ́jà Okaishie ní Accra, wọn a máa ké ìdájọ́ àwọn kóòtù ńlá bí ẹni ń ké ewì: Lámọrín dojú kọ Lágbájá, kóòtù ní báyìí, òfin ilẹ̀ wa ní báun. Oníbàárà á dúró síwájú mi, a ò ní í gbọ́ ohùn ara wa. Mo ní, "Ṣé ẹ ò lè ka ẹjọ́ yín jẹ́jẹ́ ni?" Ó ní, "Ei, Màmá, bí wọn ò bá ké e, kò ní í wọ̀ wọ́n lórí."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ àwa náà ládùúgbò Mamobi nígbà tá a wà lọ́mọdé.

Agboolé wa nígbà náà, àwa Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Ghana, la kún ibẹ̀. Yàrá yí àgbàlá ká bí eyín ṣe yí ẹnu ká, igi máńgòrò kan sì wà láàárín tí kì í so èso gidi, àfi kó máa wọ́ ewé sórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Abẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Àgbà, olórí agboolé, ti ń dájọ́. Àwọn àgbà ò mọ̀wé kọ, nítorí náà àwa ọmọdé ni wọ́n sọ di ìwé. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Bàbá Àgbà á tẹ́ ẹní, á máa pe àwọn ìdájọ́ àtijọ́, àwa á máa gbè é. Ẹjọ́ Adìyẹ Tó Lọ Yé Sábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ẹlòmíràn. Ẹjọ́ Omi Ọṣẹ Tí Wọ́n Dà Sẹ́nu Ọ̀nà Àna. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, eyín méjì ló bá ti omi ọṣẹ yẹn lọ. Èyí tó wá jẹ́ bàbá gbogbo òfin, tí ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á jẹ pàṣán, ni pé ẹni tọ́rọ̀ bá kan ilé bàbá rẹ̀ kì í dá a.

Ráfátù ọ̀rẹ́ mi ló gbóhùn jù nínú wa. Bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ò tíì ṣe opó tán tí àbúrò bàbá rẹ̀ fi dé láti Ìnísà, ó ní òun fẹ́ mú ọmọ náà lọ sílé kó lọ máa pọn ọmọ fún ìyàwó òun. Ọṣẹ lásán kò mú wá fún opó! Yàrá Bàbá Àgbà ló sì wọ̀ sí, torí ọmọ ilé bàbá kan náà ni wọ́n. Inú abọ́ kan ni wọ́n ti jọ ń jẹun. Gbogbo wa mọ̀. Ta ló máa sọ ọ́?

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹkún ò jẹ́ kí ìyá Ráfátù lè sọ̀rọ̀. Arákùnrin yìí rojọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Àgbà wá wúkọ́. A mọ ikọ́ yẹn; tó bá ti hú u, ìdájọ́ ló kù. Ìgbà náà ni Ráfátù dìde láàárín wa. Ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o! Ó di etí ìró mi mú, ó sì pe òfin bí Bàbá Àgbà ṣe máa ń pè é lọ́jọ́ Jímọ̀:

"Ẹni tọ́rọ̀ bá kan ilé bàbá rẹ̀..."

Àwa òmùgọ̀, tí gbígbè ti mọ́ lára, la bá fi gbogbo ẹnu gbè é:

"...kì í dá a!"

Arákùnrin náà fò sókè. "Ta ló kọ́ àwọn ọmọ yìí nísọkúsọ?"

Bàbá Àgbà ni gbogbo ilé ń wò.

Bàbá Àgbà dìde lórí àga ìdájọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Ìyá Sífá, ẹni tó máa ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò, tí kò sí obìnrin tó jẹ́ bá a jà, torí ta ló mọ ọjọ́? Ó ní, "Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ dá a." Obìnrin kankan ò jókòó lórí àga yẹn rí. Ìyá Sífá ò sì fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: "Ẹ fọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìwọ ará Ìnísà, lọ tọ́jú opó ẹ̀gbọ́n ẹ ná, kó o tó wá máa wá ẹrú."

Bó ṣe di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a retí ẹní títí, a ò rí i. Bàbá Àgbà ní a ti gbọ́n tó. Ohun tó ń bí mi nínú dòní nìyẹn: ẹjọ́ tó dára jù lọ tí agboolé wa dá, kò sọ́mọ kan tó ké e rí, torí òun gan-an ló ti ilé ìwé wa pa. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bákónì, ọ̀kan ní, "Màmá, ìwé wo ló wà?" Ẹ gbà mí!

Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì ti gbé àgbàlá yẹn mì báyìí. Bàbá Àgbà ti lọ, Ráfátù náà ti lọ, lẹ́yìn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ìyá rẹ̀ ní Accra níbí. Àwọn ẹni ńlá tó ń wúkọ́ kí wọ́n tó yí ẹjọ́ po, àwọn ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí pé láti ọjọ́ náà, bí Bàbá Àgbà bá pàdé Ráfátù lọ́nà, á gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, òun àgbà ni yóò sì kọ́kọ́ kí ọmọdé. Ráfátù á kúnlẹ̀ dá a lóhùn. Bóyá ìtìjú ni o, bóyá ọ̀wọ̀ ni, n ò mọ̀. Bàbá Àgbà ò fo ìkíni náà lọ́jọ́ kan títí ó fi kú.