Ọkùnrin Tó Ń Béèrè Bóyá Bàbá Ti Jẹun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n tú ohun tó wà nínú mi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ẹnu ló ń wúwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé onínúfùfù ni mí, ọwọ́ mi sì máa ń yá ju ẹnu mi lọ. Ohun tí inú fùfù yẹn fà ni mo fẹ́ rò fún yín.

Nígbà yẹn, sájẹ́ǹtì obìnrin ni mí ní àgọ́ ọlọ́pàá kan nílùú Ìwó. Wọ́n fi mí ṣiṣẹ́ mọ́ ọ̀gá kan tó ń wádìí ọ̀ràn ìpànìyàn, Ìnísípẹ́kítọ̀ Àkànjí. Háà! Ẹ ò tíì rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí! Agboòrùn kì í kúrò lọ́wọ́ Ọ̀gá, ì báà jẹ́ nígbà ọyẹ́. Wọn kì í gun ọ̀kadà láéláé. Ẹsẹ̀ la fi máa ń rìn dé Olúpọ̀nnà, Ọ̀gá níwájú, èmi tí mò ń làágùn lẹ́yìn. Tí wọ́n bá fẹ́ bi afurasí ní ìbéèrè, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló jẹ láàárọ̀. Bàbá Wèrè làwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè wọ́n lẹ́yìn. Èmi náà pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí, kí n má parọ́.

Ọ̀gá tún ní ìwé kékeré kan. Bí ẹnì kan bá kú ikú tó mú ìfura dání, Ọ̀gá á ní kí n pe ẹbí rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kí n má sọ pé ó ti kú. Ṣẹ́ ẹ mọ bí àwa ṣe ń tú ọ̀fọ̀? "Ara Bàbá ò yá díẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé." Ọ̀gá á wá gbé etí sún mọ́ fóònù, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu ẹni náà sínú ìwé yẹn. Mo rò pé ara wèrè náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wọ́ ọkùnrin kan wá bá wa. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ gbingbin. Térúngwá lorúkọ rẹ̀, ará Bẹ́núè ni, òun ni lébìrà tó ń bá Bàbá Ràímì ro oko lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Wọ́n ní ó pọn Bàbá jáde látinú oko sí etí títì, orí Bàbá ti fọ́. Ọlọ́kadà kan gbé Bàbá lọ sọ́sibítù. Àwọn tó kù lu Térúngwá, wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n ní òun ló ṣe é. Kò pé wákàtí kan tí ìròyìn dé pé Bàbá ti dolóògbé.

Ṣé Bàbá Ràímì náà ni! Ẹni tí kì í rí mi kọjá kó má ní kí n dúró gba àgbàdo! Ká tó wí ká tó fọ̀, èrò ti kún iwájú àgọ́, wọ́n ní ká yọ apànìyàn náà fún àwọn. Táyà wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi táyà ṣe.

Kí wá ni Térúngwá ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì? Ó dì mọ́ irin, ó ń fi Yorùbá tí kò já gaara bi mí bóyá Bàbá ti jẹun. Ó ní Bàbá ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀. Mo ní kó panu mọ́. Ó tún ní ọlọ́pàá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fóun pé ara Bàbá ni ò yá, ṣé wọ́n ti lajú?

Inú mi ru! Mo ní ṣé ojú ọ̀dẹ̀ lojú mi jọ ni. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó di etí mú, ó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọ̀gá ti ọsibítù dé. Ẹbí ti fẹ́ gbé òkú lọ wẹ̀, torí a kì í jẹ́ kí òkú Mùsùlùmí sùn nílẹ̀. Ọ̀gá ló dá wọn dúró títí wọ́n fi yẹ òkú wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Áfáà tó fẹ́ wẹ òkú bínú, ó ní kí ni ọlọ́pàá ń wá lára òkú. Ọ̀gá sọ fún mi pé tàdáwà búlúù wà ní àtàǹpàkò Bàbá. Omi ì bá ti fọ̀ ọ́ dànù. Wọ́n ní kí n gbé fóònù.

Ìyá Bàráká ni mo kọ́kọ́ pè, ọmọ Bàbá tó wà nílé ọkọ ní Kuta. Mo ní ara Bàbá ò yá díẹ̀, kó máa bọ̀. Ló bá figbe ta: "Sájẹ́ǹtì, ẹ má tàn mí o! Ṣé bàbá mi ti kú ni?" Mo gbọ́ tí fóònù já bọ́ sílẹ̀.

Ṣàkírù ló kàn, ọmọ àbúrò Bàbá. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló dàgbà sí lẹ́yìn tí bàbá tó bí i kú. Èmi àti Ṣàkírù la jọ ṣe kéú, a jọ jẹ pàṣán áfáà kan náà. Mọ́tò akérò ló ń wà láàárín Ìwó àti Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ̀n ẹ́n? Bá mi kí wọn o, ní kí wọ́n lo oògùn ibà. Ìbàdàn ni mo wà, tó bá dọ̀la n óò yà." Ó gé fóònù.

Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fa ìlà sí i nídìí. Wọ́n ní ọmọ Ìwó wo ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọlọ́pàá, tí àyà rẹ̀ ò ní já? Ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ń ṣọ́ra kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun mọ̀, ló ń sọ̀rọ̀ oògùn ibà.

Mo gbaná jẹ! Mo ní Ọ̀gá, mo mọ Ṣàkírù bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi. Mo ní tó bá jẹ́ torí ìyẹn ni, ẹ wo ẹni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣebí òun náà ń ṣe bíi pé Bàbá ṣì wà láàyè!

Ọ̀gá bi mí pé ibo ni wọ́n ti bí Térúngwá. Mo ní Bẹ́núè. Wọ́n ní ta ló wá kọ́ ọ pé tí Yorùbá bá ní ara èèyàn ò yá, ẹni náà lè ti kú? Wọ́n sọ fún un pé ara Bàbá ò yá, ó sì gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi tutù wọ̀ọ̀. Ọ̀gá ní kí n lọ sọ fún un, kí n sì là á mọ́lẹ̀.

Mo lọ. Mo ní, "Térúngwá, Bàbá ti kú." Ó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń fi orí gbá ògiri, ó ń pe Bàbá lédè wọn. Ẹkún yẹn kì í ṣe ẹkún ẹlẹ́tàn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dúró níbẹ̀.

Wọ́n sin Bàbá kí wọ́n tó kírun Alásárì. Ìgbà tí Ṣàkírù gbọ́ pé wọ́n ti sìnkú ló tó yọjú nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní ẹ̀wà, Ìbàdàn lòun ti jẹ ẹ́. Ọ̀gá ní ó dáa, ká lọ wo yàrá rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti bá ìwé kan, tó ní Bàbá ti ta ilẹ̀ oko yẹn fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ìka búlúù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá Bàráká wò ó, ó mi orí. Ó ní bàbá òun ka ìwé mẹ́fà, wọn kì í tẹ̀ka, orúkọ ara wọn ni wọ́n máa ń kọ.

Ni Ṣàkírù bá jẹ́wọ́. Ó ní Bàbá kọ̀ jálẹ̀, àwọn kò ní í talẹ̀ baba àwọn. Òun bá wọn lóko ní ìdájí, ọ̀rọ̀ di ariwo, òun tì wọ́n, orí wọn gbá òkúta. Ṣó ké sí èèyàn? Rárá o! Ó fi àtàǹpàkò Bàbá tẹ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó bá tiẹ̀ lọ. Bàbá sì ṣì ń mí! Térúngwá ló wá bá wọn nílẹ̀, tó pọ̀n wọ́n.

Àwọn èrò tó gbé táyà wá ti túká. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó padà wá sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣílẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì. Mo ní, "Térúngwá, má bínú. Wọ́n ṣì ọ́ mú ni." Kò dáhùn. Mo tún un sọ. Ó yí orí, ó gbé etí ọ̀tún sí mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Etí òsì, tí mo gbá, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó ní, "Ta ni wọ́n?"

Mo nawọ́ síta, síbi tí èrò ti dúró lánàá.

Ó ní, "Kì í ṣe wọ́n, màdáámù. Ẹ̀yin ni."

Mo kúnlẹ̀ tòun ti yúnífọ́ọ̀mù, lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n sọ ibi tí wọ́n sin Bàbá sí fóun. Mo mú un dé ibẹ̀. Ó dúró pẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló wọkọ̀ padà sílé, mi ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ńkọ́, tí mi ò gbọ́ tẹnì kankan rárá kí n tó dá a? Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: kí ọwọ́ rẹ tó dìde, bi ara rẹ bóyá òótọ́ lọ́rọ̀ tẹ́ni náà ń sọ. Èèyàn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n etí tó bá di, a kì í là á padà.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ta ni nínú yín tó ti fìyà jẹ aláìṣẹ̀ rí? Báwo lẹ ṣe tọrọ àforíjì, tẹ́ni náà bá ti lọ síbi tọ́wọ́ yín ò ti lè tó o? Ẹ dákun, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kà á.