Gààrí Pupa Nínú Sípíkà Bàbá

Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó lẹ́yìn ilé, omi ẹ̀gẹ́ ti sọ ọwọ́ mi méjèèjì di funfun dé ìgúnpá, nígbà tí ohùn ìyálé mi gbé mi dìde.

"Ìyàwó! Ìwọ ìyàwó! Wá wo ohun tí ọmọ ẹ ṣe! Ó ti ba sípíkà Bàbá jẹ́!"

N kò ní purọ́: n kò fẹ́ràn obìnrin yìí, òun náà kò sì fẹ́ràn mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣáájú mi wọ agbo ilé wa, lábúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò fi rán mi létí. Bí mo bá gbé ìwé dání, á ní, "Akọ̀wé, ọbẹ̀ ẹ ń jóná o." Bí n kò bá gbé e, á ní ìwé mẹ́wàá tí mo jáde ti wọmi.

Bàbá àwọn ọkọ wa ló ni sípíkà náà. Kékeré ni, kò ju àkàrà méjì tí a tò léra lọ. Kì í lo okùn àfi nígbà tó bá fẹ́ gba iná, bíi ti fóònù. Ojú Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Láti ìgbà tí wọn kò ti lè dá lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, wàásí inú sípíkà yìí ló kù fún wọn, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló sì ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. "Ìyá mi," ni wọ́n máa ń pè é, "wá bá mi ṣí ẹnu áfáà." Ìyálé mi bí mẹ́rin. Bàbá kò pe ọ̀kankan nínú wọn bẹ́ẹ̀ rí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni orí ìjà wà.

Nígbà tí mo dé yàrá Bàbá, ọmọ mi dúró ti ògiri, okùn ìgbaná lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìjẹta tí iná kò sí níbí ni mo gbé e lọ gba iná ní abúlé kejì, àná ni mo gbà á bọ̀, iná kún inú ẹ̀ dẹ́nu," ìyálé mi ní. "Lónìí, ọmọ ẹ ti pa á. Mo bá a níbi tó ti ń fipá ki okùn bọ̀ ọ́. Abanǹkanjẹ́!"

"Màámi, èmi kọ́," ọmọ náà ní. "Kò tàn ni. Mo ní kí n fi iná sí i fún Bàbá, kò ṣáà tàn."

"Ẹ gbọ́ irọ́! Irú ìyá, irú ọmọ."

Bàbá yíjú sí ògiri. "Ẹ mú un jáde," wọ́n ní. Wọn kò pè é ní ìyá mi.

Ojú tì mí débi pé mi ò ronú. Mo gbá ọmọ mi létí, ẹ̀ẹ̀mejì. "Kúnlẹ̀! Bẹ Bàbá!" Omi ẹ̀gẹ́ ọwọ́ mi ya ìka mẹ́rin funfun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ẹkún bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ti sọ fún mi pé òun kò ṣe. Ìyálé mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo rí tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Kí n tó lọ́kọ, mo ṣiṣẹ́ ọdún kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn fi iná sí fóònù, ní Adégbàyí. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé kí a má dá nǹkan lẹ́bi kí a tó dán ohun tó yí i ká wò. Ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀ fún sípíkà, tí n kò lò fún ọmọ mi. Mo fi okùn náà sí fóònù mi: fóònù gba iná. Okùn kọ́ nìyẹn. Mo pààrọ̀ orí tí a ń kì bọ ògiri: sípíkà kò tàn. Mo gbé e lọ sí yàrá tèmi, mo kì í bọ ògiri níbẹ̀: kò tàn.

"Akọ̀wé ti di ẹnjiníà," ìyálé mi ní lẹ́nu ọ̀nà. "Kúkú fọ́ ọ pátápátá kí á sinmi."

Mo tan iná fóònù mi sí ihò tí okùn ń wọ̀. Nǹkan kan dí i. Okùn kò tilẹ̀ dé ìdí, ẹnu ihò ló ń gbé. Mo ṣẹ́ ọwọ̀ kan lára ìgbálẹ̀, n kò lo abẹ́rẹ́, torí irin lè ba eyín inú ihò náà jẹ́. Mo rọra ń họ ọ́. Ohun tó ń jáde le bí òkúta wẹ́wẹ́, àwọ̀ ẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo fọ́ ọ láàrin ìka, mo gbóòórùn ẹ̀.

Gààrí. Gààrí tó mu omi, tó di ẹ̀bà, tó wá gbẹ síbẹ̀. Epo sì wà nínú ẹ̀.

Gbogbo àwa obìnrin agbo ilé la ń yan gààrí, funfun la sì ń yan. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi epo sí tirẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá, mo fi okùn sí sípíkà. Iná pupa kékeré tàn.

"Bàbá, ó ti ń gba iná. Gààrí ló dí i. Gààrí pupa." Mo da á sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n sì fi àtàǹpàkò rún un.

"Gààrí ta ni afẹ́fẹ́ kì í gbé?" Ìyálé mi ti figbe ta. "Àbí ìwọ kì í yan gààrí?"

"Tèmi kì í lépo, ìyálé mi. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kí n wá jẹ́ kó kú sínú omi ni? Wọ́n ní ìrẹsì tí a ò tíì sè ló ń fa omi. Mi ò ní ìrẹsì nílé, gààrí ni mo ní!"

Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́.

"Omi wo?" Bàbá ní.

Ó wá tú jáde. Inú àpò jálàbíà Bàbá ni sípíkà wà nígbà tó ri ẹ̀wù náà sínú omi ọṣẹ láti fọ̀ ọ́, kò yẹ àpò wò. Ó ri sípíkà mọ́ inú abọ́ gààrí ẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, ó purọ́ fún Bàbá pé abúlé kejì ló ti ń gba iná, ó gbé e padà síbi ìrọ̀rí, ó wá dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

"Ó tó," Bàbá ní. "Kí ọ̀rọ̀ náà kú síbí."

Ìdájọ́ nìyẹn. Ọmọdé ló kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí àgbà kúnlẹ̀. Ìyálé mi fi èjìká gbá mi kọjá. "Ọkọ ẹ á gbọ́ bí o ṣe dójú tì mí."

"Tí ẹ bá ń ròyìn, ẹ má gbàgbé gààrí," mo ní.

Bàbá nawọ́ sí iwájú. "Ìyá mi dà? Kó wá bá mi ṣí ẹnu áfáà."

Ọmọ mi kò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe Bàbá ló ń wò, èmi ni. Ìka mẹ́rin náà ti gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Mo gbé e lọ sídìí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́, mo fi etí ìró mi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. "Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́," mo sọ fún un. "O sọ òótọ́ fún mi, mo sì gbá ọ létí kí àwọn èèyàn má baà ní n kò kọ́ ọ. Má bínú."

Ó rò ó díẹ̀. "Ṣé mi ò ní kúnlẹ̀ fún Bàbá mọ́?"

"Wàá máa kúnlẹ̀ kí wọn, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí o kò bá ṣe, má bẹ̀bẹ̀ fún un láé, bó jẹ́ èmi gan-an ni mo ní kí o bẹ̀bẹ̀."